Ẹ̀rọ Tó Ti Kú Nínú Ilé Rẹ: Ta Ni Yóò Jìyà Rẹ̀ Lẹ́yìn Rẹ?



Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó fi ilẹ̀ síkàáwọ́ ọmọ Ádámọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo àwọn tó tọ ipa rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ọ̀rọ̀ inú dúrọ́ọ̀ ni, ọ̀rọ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí oṣù àwẹ̀ ń bọ̀, tí ìyá àwọn ọmọ ní kí á tún ilé ṣe, a kó gbogbo ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ jọ sí àárín pálọ̀ wa ní Ailegun níhìn-ín. Tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ kan wà níbẹ̀, èyí tó ní ìdí ńlá. Fóònù mẹ́rin wà níbẹ̀, bùlẹ́ńdà kan, bátìrì ínfátà kan, gílóòbù gígùn mẹ́ta, àti ṣájà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ fóònù tó ni ín. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wo ilé tiyín dáadáa, ẹ ó rí irú rẹ̀.

Ìpinnu tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. A ó dúró de oníkọndẹ́ẹ̀mù. Yóò ti ọmọlanke rẹ̀ dé, yóò máa ké pé, "Kọndẹ́ẹ̀mù fíríìjì! Kọndẹ́ẹ̀mù bátìrì!" A ó ná an, yóò sanwó, yóò gbé ẹrù lọ. Ilé mọ́, owó ọbẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò: nígbà tí ẹrù náà bá kọjá géètì wa, ṣé ojúṣe wa lórí rẹ̀ ti parí?

Èrò tèmi ni pé kò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ibi tí ẹrù náà ń lọ

Láti orí ọmọlanke, ẹrù wa ń lọ sọ́dọ̀ oníwọ̀n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣà á. Èyí tó ṣì ṣe é tún ṣe lè dé ọjà Àlàbà ní Ọ̀jọ́, tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè jí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo wa ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀ dìde. Ọlọ́hun ti fi ẹ̀bùn sí wọn lọ́wọ́, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ wọn láìdáa.

Èyí tó kù ni ìṣòro. Wọ́n ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kọ́pà. Wọ́n ń fọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń da omi ásíìdì inú bátìrì sílẹ̀. Àjẹkù rẹ̀ á bọ́ sínú gọ́tà tàbí sórí àkìtàn, òjò á sì gbé èyí tó bá lè gbé lọ sínú kánáàlì. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Òkè-Àfà kọjá lẹ́yìn òjò ńlá mọ ohun tí mo ń sọ.

Kí ló wà nínú àwọn ẹrù yìí? Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá, nínú àwọn tó tóbi ó lè tó kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjé ló pọ̀ jù nínú bátìrì ínfátà àti ti mọ́tò. Mẹ́kúrì wà nínú gílóòbù gígùn funfun. Bí wọ́n bá sì sun ike tó wà lára wáyà, májèlé ni èéfín rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló ń kọ́kọ́ bà jẹ́: ọmọ á máa gbàgbé nǹkan, kò ní lè fọkàn sí ẹ̀kọ́, àwọn òbí á sì rò pé olódo ni. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń pani. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn tó ń wa góòlù ń fọ́ òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló fa tiwọn, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń sun wáyà

Ní àdúgbò wa, ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó máa ń sun wáyà lẹ́yìn ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Èéfín dúdú á wọlé bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ka Al-Kùránì. Inú bí àwọn òbí kan, wọ́n fẹ́ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún un pé, "Àbúrò mi, èéfín yìí ń pa àwọn ọmọ lára, ó sì ń pa ìwọ náà lára."

Ó ní, "Àáfà, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ ta wáyà yìí fún wa. Tí n kò bá sun ún, oníwọ̀n kò ní san owó kọ́pà fún mi. Kí ni kí n wá jẹ?"

Ẹ̀yin ará mi, mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Òtítọ́ ló sọ. Inú ilé wa ni wáyà yẹn ti jáde, àwa la gbowó rẹ̀, òun ló ń fa èéfín rẹ̀ símú, àwọn ọmọ wa náà sì ń bá a pín in.

A jókòó, a jọ sọ ọ́. Wáyà tó nípọn, ó gbà láti máa fi ọ̀bẹ bó o. Bàbà tí a bá fi ọ̀bẹ bó máa ń mọ́ ju èyí tí iná ti sọ di dúdú lọ, oníwọ̀n kò sì ní rí ìdí láti dín owó rẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti ṣájà kò ṣe é bó, ìyẹn la ní kí ó má gbà lọ́wọ́ wa mọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Ó ṣì ń sun díẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sun ún lẹ́yìn ilé-kéwú mọ́, ó sì kọ́ mi pé kí á tó bínú sí ẹni tó ń sun pàǹtí, ó yẹ kí á bi ara wa pé ta ló fún un ní pàǹtí náà.

Bí a ṣe dé ibi tí a wà

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló kó gbogbo ìdọ̀tí yìí wá bá wa. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọdún 1988, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù pàǹtí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Kókò, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Àgbàlá ọmọ ìlú kan ni wọ́n háyà láti kó o sí, nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù ni wọ́n sì ń san fún un. Ariwo ọ̀rọ̀ náà ló mú kí ìjọba ṣe òfin lórí pàǹtí olóró lọ́dún yẹn gan-an. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1989, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn Basel, pé a kò gbọdọ̀ máa kó pàǹtí olóró láti orílẹ̀-èdè kan dà sí òmíràn bó ṣe wù wá.

Síbẹ̀, ọkọ̀ kò dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Basel Action Network ṣe ìwádìí ní Èkó. Wọ́n ní nǹkan bí 500 kọntéénà ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ló ń wọ èbúté Èkó lóṣooṣù, àwọn oníṣòwò sì sọ fún wọn pé bí a bá pín ẹrù náà sí mẹ́rin, mẹ́ta nínú rẹ̀ kò ṣe é tún ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn rán èèyàn lọ jókòó sí èbúté láti ka ẹrù tó ń wọlé ní ọdún 2015 àti 2016. Nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kà lọ́dọọdún, inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ sí. Ó lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ láti ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n àwa náà kọ́ la ń rà á? Èyí tí a ra ní tuntun náà ń gbó. Ní ọdún 2022, pàǹtí ẹ̀rọ gbogbo ayé tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù, kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin tó ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n kó o jọ, tí wọ́n sì tún un lò bó ṣe yẹ. Ọkùnrin Kókò yẹn gba owó kékeré, ó jẹ́ kí májèlé wọ àgbàlá rẹ̀. Àwa ń gba owó kékeré, a sì ń jẹ́ kí májèlé jáde láti àgbàlá tiwa lọ sí ti ẹlòmíràn. Ẹ wò ó bóyá ìyàtọ̀ pọ̀ láàárín méjèèjì.

Àgùntàn tó kú

Ìtàn kan wà nínú àkójọ Bukhari àti Muslim tí mo máa ń rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi àgùntàn kan ṣe sàárà fún obìnrin kan tí Maymunah, ìyàwó Ànábì, ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Àgùntàn náà kú. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lára rẹ̀, ó sì béèrè ìdí tí wọn kò fi mú awọ rẹ̀, kí wọ́n ṣe é títí yóò fi mọ́, kí wọ́n sì jàǹfààní rẹ̀. Wọ́n ní òkú ẹran ni. Ó jẹ́ kó yé wọn pé jíjẹ rẹ̀ ni a ṣe léèwọ̀.

Mi ò fi èyí ṣe fátíwà lórí fóònù. Àpẹẹrẹ ni mo mú, mo sì rí nǹkan mẹ́ta nínú rẹ̀. Èkíní, ohun tó kú ṣì lè ní ìwúlò lára, òfò ni kí á jù ú nù láìwò ó. Èkejì, awọ kò ṣe é lò bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, apá kan wà nínú òkú náà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ tó kú rí.

Ìbéèrè márùn-ún kí ẹ tó gbé e jáde

Àkọ́kọ́: ṣé ó ti kú lóòótọ́? Fóònù tí kò gba iná mọ́ lè jẹ́ pé eruku ló dí ojú ṣájà rẹ̀, tàbí kí bátìrì nìkan ló bà jẹ́. Fáànù tí kò yí mọ́, kápásítọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń kú. Bùlẹ́ńdà wa, oníṣẹ́ rewáyà ló tún un ṣe, òun la sì fi ń lọ ata títí di òní. Aishah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sọ pé Ànábì máa ń tún bàtà ara rẹ̀ ṣe, ó sì máa ń rán aṣọ rẹ̀. Kí ló wá dé tí ojú ń ti ọ̀dọ́ láti lo fóònù tí wọ́n tún ṣe?

Èkejì: bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ta ló lè lò ó? Fóònù tó ti kéré lójú yín lè tó ọmọ ilé-kéwú láti gbọ́ kíké Al-Kùránì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Nínú Suratul-Baqarah, aaya 267, Ọlọ́hun kìlọ̀ pé kí á má ṣe wá èyí tó burú nínú ohun ìní wa láti fi ṣe ìnáwó fún Un, nígbà tí àwa fúnra wa kò ní gbà á bí kò ṣe pé a di ojú. Ẹni tó gbé tẹlifíṣọ̀n tí kò ṣiṣẹ́ fún mọ́sáláṣí ní orúkọ sàárà, ìnáwó kíkó pàǹtí rẹ̀ ló gbé lé mọ́sáláṣí lọ́rùn.

Ẹ̀kẹta: bí ẹ bá fẹ́ tà á, ṣé ẹ ti sọ àléébù rẹ̀? Ẹ rántí oníṣòwò tí Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ rẹ̀ tó sì bá omi nísàlẹ̀. Ó ní kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń tanni jẹ kò sí lára òun. Fóònù tó ń gbóná, tí a fi sínú firíìjì kó lè tutù kí oníbàárà tó dé, omi ìsàlẹ̀ oúnjẹ náà nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin: kí ló wà nínú rẹ̀? Àwòrán ìyàwó yín láìbo orí wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà báǹkì wà níbẹ̀. Amáàná àwọn èèyàn ni. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti Kánádà ra háàdì dísíìkì àlòkù kan ní ọjà ní Ghana. Ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ kan tó ń báṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Bí àṣírí ilé-iṣẹ́ ńlá bá lè dé orí àtẹ báyìí, kí ni yóò ṣe tiwa? Ẹ yọ síìmù àti mẹ́mọ́rì káàdì, ẹ jáde kúrò nínú ímeèlì àti WhatsApp yín, kí ẹ sì pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Háàdì dísíìkì tó ti kú, ẹ lu ihò sí i lára kí ó tó kúrò nílé.

Ẹ̀karùn-ún: bí ó bá ti kú pátápátá, ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí? Ní ọdún 2011, àjọ NESREA, tó ń bójú tó àyíká ní orílẹ̀-èdè wa, gbé òfin kalẹ̀ pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ kópa nínú kíkó o padà tó bá gbó. Láti ọdún 2018, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ EPRON ló ń ṣètò iṣẹ́ náà láàárín àwọn ilé-iṣẹ́. Ní Èkó níhìn-ín, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Hinckley Recycling àti E-Terra ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ láìsun ún níná.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ta ni yóò wá tìtorí fóònù mẹ́ta láti Ìkẹjà dé Ailegun? Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á dá a ṣe. Ojúlé kan kò lè pe ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ogójì ojúlé lè pè é. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí tàbí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò lè ní páálí ńlá kan tó ní ìdérí, níbi tí òjò kò ti lè pa á, kí wọ́n pe àwọn tó níwèé àṣẹ nígbà tó bá kún. Èyí tí a kó jọ nílé tèmi wà nínú irú páálí bẹ́ẹ̀ báyìí.

Kí ó tó kún, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹ má fọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n, ẹ má sì fọ́ gílóòbù gígùn. Ẹ fi páálí tàbí bébà wé e. Bátìrì fóònù tó bá wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e sínú iyanrìn gbígbẹ, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Ẹ má da omi bátìrì ínfátà sí gọ́tà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ gbé èyí tó gbó lọ ní odidi, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á máa ń gbà á kí wọ́n sì yọ owó rẹ̀ kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé páìpù fíríìjì nínú ọgbà yín kí gáàsì rẹ̀ máa tú jáde.

Kí á má wá fi èyí gba oúnjẹ lẹ́nu oníkọndẹ́ẹ̀mù. Ará wa ni, ó sì ń kó ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ ta irin fún un, ẹ ta fáànù àti ìkòkò alumíníà fún un, kí ẹ má sì rẹ́ ẹ jẹ. Èyí tí májèlé wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí á mú kúrò nínú ẹrù rẹ̀. Owó rẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ wa lóòótọ́, bóyá owó ìṣù búrẹ́dì kan tàbí méjì. Ànábì kọ́ wa pé mímú ohun tó ń nini lára kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́. Ṣé ẹni tí kò gbọdọ̀ fi ẹ̀gún sílẹ̀ lójú títì ló máa wá fi òjé sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn?

Pabanbarì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á máa rà á níwọ̀n. Ẹ̀rọ tí a kò rà kò ní di pàǹtí. Bí fóònù ọwọ́ rẹ bá ṣì ń gba ìpè, tó ń ránṣẹ́, tó sì ń ṣe iṣẹ́ tí o rà á fún, ìwọ ọ̀dọ́, má jẹ́ kí ojú ọ̀rẹ́ rán ọ lọ jẹ gbèsè nítorí tuntun. Ọlọ́hun pe àwọn onínàákúnàá ní ọmọ ìyá èṣù nínú Suratul-Isra, aaya 27.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú àwọn ọmọ, kí ẹ jọ dáhùn àwọn ìbéèrè márààrún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ bí ẹ ṣe ń rò ó, torí àwọn ni yóò ra ẹ̀rọ púpọ̀ jù wá lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bá aládùúgbò kan sọ ọ́, kí páálí àdúgbò tiyín lè bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi wá sára àwọn tí ọmọnìkejì wọn bọ́ lọ́wọ́ aburú wọn. Kí Ó dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ àwọn ọmọ wa. Kí Ó sì la ọ̀nà hàláálì tí kò ní pani lára fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣa àjẹkù wa. Aamiin.

Wa's-salaamu alaykum wa rahmatullah.